Òtítọ́ Tí A Jẹ Aláìsàn Ní Gbèsè

Nígbà tí ènìyàn wa bá ní àìsàn tí ọgbọ́n ayé kò tíì rí òpin rẹ̀, kí ni ó tọ́ kí a sọ fún un? Ṣé ọ̀rọ̀ tí yóò mú inú rẹ̀ dùn ni, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tàbí òtítọ́, bí ó tilẹ̀ korò? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tí ó ní bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò tí ara rẹ̀ kò dá. A fẹ́ gbé e yẹ̀ wò nínú ọ̀ràn kan tí ó ti wọ ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò: àrùn àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ìrètí tí àwọn ènìyàn ti gbé lé fítámínì D.

Ẹni tí ó bá ti lọ kí aláìsàn nílẹ̀ wa mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Àlejò kì í wá lọ́wọ́ òfo. Bí kò bá mú èso wá, yóò mú ìmọ̀ràn wá. Ọ̀kan yóò ní ewé kan wà. Èkejì yóò ní àgúnmu kan wà lọ́jà. Ẹ̀kẹta, tí ó mọ̀wé, yóò ní òun kà á pé fítámínì D ni ó ń lé àtọ̀gbẹ lọ. Kò sí èyí tí ó gbèrò ibi nínú wọn. Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí kò bá ẹni tí ń ta èké nìkan wí. Ó bá ẹni tí ń rà á wí, ó sì bá ẹni tí ń fi ìfẹ́ rù ú kiri wí. Èrò wa ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fún aláìsàn ní ìrètí, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìwọ̀n ìrètí náà: bí ó ti tóbi tó, ibi tí ó mọ, àti ohun tí yóò ná an.

Kí ni àrùn náà gan-an? Oúnjẹ tí a bá jẹ, ìbáà ṣe iyán, àmàlà, gàrí tàbí ìrẹsì, ara a máa sọ ọ́ di ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Kí ṣúgà náà tó lè wọ inú iṣan kí ó sì di agbára, ó nílò ìránṣẹ́ kan tí à ń pè ní ínsúlínì, èyí tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù ń ṣe. Lára àwọn kan, ẹ̀yà ara náà kò lè ṣe é mọ́; irú èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Lára àwọn tí ó pọ̀ jù, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ mọ́, títí tí ẹ̀yà ara tí ń ṣe é yóò fi rẹ̀. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa ba ojú, kíndìnrín, ọkàn àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àrùn tí kì í tètè dun ènìyàn ni. Ènìyàn lè gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ kí ó tó mọ̀.

Èdè méjèèjì tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Faransé ní *soigner*, ó sì ní *guérir*. Àwa náà ní ìtọ́jú, a sì ní ìwòsàn. Ẹni tí à ń tọ́jú kò tíì san. Ẹni tí ó san kò nílò ìtọ́jú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wa a máa da méjèèjì pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ilé tí a ti ń tọ́jú ènìyàn, ilé ìwòsàn ni à ń pè é. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ìyá arúgbó pé oògùn kan “dára fún àtọ̀gbẹ”, ohun tí yóò gbọ́ ni pé oògùn náà yóò wò ó sàn. Àrùn yìí ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà sì lágbára. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ara wọn fúyẹ́ gan-an lẹ́yìn tí àrùn bẹ̀rẹ̀, tí ṣúgà wọn sì padà sí bí ó ti yẹ. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Àlàfo tí ó wà láàárín ìtọ́jú àti ìwòsàn yìí ni èké ti ń ráyè wọlé.

Ibo ni ìrètí fítámínì D ti wá? Kì í ṣe irọ́ ni ó bí i. Oòrùn ni ó ń mú kí awọ ara wa ṣe é, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé eegun kò lè le dáadáa láìsí i. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé àwọn ẹyọ ara tí ń ṣe ínsúlínì ní ibi tí wọ́n ti ń gba fítámínì náà wọlé. Wọ́n sì rí i, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, pé àwọn tí fítámínì D kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àtọ̀gbẹ ń mú jù. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí pé àwọ̀ dúdú tí ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn nílò àkókò púpọ̀ sí i nínú oòrùn ju àwọ̀ funfun lọ, kí ó tó lè ṣe iye fítámínì kan náà. Ó kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní Faransé jùlọ, níbi tí oòrùn ìgbà òtútù kò ti lágbára.

Ṣùgbọ́n àkùkọ a máa kọ, ilẹ̀ a sì máa mọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbà pé àkùkọ ni ó fa oòrùn jáde. Ohun méjì tí ń rìn pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ẹni tí ó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ a máa gba fítámínì D pamọ́, èyí tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ a sì kéré. Ẹni náà gan-an ni àtọ̀gbẹ ń wá. Ẹni tí ó ń jókòó sínú ilé látàárọ̀ dalẹ́ kì í rí oòrùn, kì í sì í lo iṣan rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kì í jáde. Ta ni yóò wá sọ bóyá àìtó fítámínì ni ó fa àrùn, tàbí pé ohun kan náà ni ó fa méjèèjì?

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti mọ̀: kí a kó ènìyàn púpọ̀ jọ, kí a ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí méjì, kí a fún apá kan ní fítámínì, kí a fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, kí àwọn tí ń gbà á àti àwọn tí ń fún wọn má sì mọ èyí tí ó jẹ́ èwo títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ní ìlú Tromsø, ní àríwá Nọ́wè, níbi tí oòrùn kì í yọ fún bí oṣù méjì nígbà òtútù, wọ́n ṣe é fún ọdún 5 pẹ̀lú àwọn ènìyàn 511 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016: ènìyàn 103 ni àrùn mú lára àwọn tí ó gba fítámínì, ó sì mú 112 lára àwọn tí kò gbà á. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní D2d kó ènìyàn 2,423 jọ, ó ń fún ìdajì wọn ní ìwọ̀n 4,000 lójoojúmọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019: 293 ní apá kan, 323 ní apá kejì. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kèké nìkan fi lè fà á. Ìwádìí ti Japan, tí ó jáde ní 2022, kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ kó èsì ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, wọ́n sì wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà náà ni ohun kan hàn: lára àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu ààlà àrùn, fítámínì D dín ewu náà kù ní ìdá 15 nínú 100. Kí ni èyí jẹ́ ní èdè tí ìyá wa lè gbọ́? Nínú 100 ènìyàn tí ó wà lẹ́nu ààlà, bí ènìyàn 3 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà láàárín ọdún 3 nítorí fítámínì yìí. Fún àwọn yòókù, kò ní yí ohun kan padà. Àwọn ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹni tí àrùn ti mú ná, nítorí pé àwọn tí àrùn kò tíì mú ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tí ó ní “Irọ́ ni, kò sí ohun tí fítámínì yẹn ń ṣe,” kò sọ òtítọ́. Ẹni tí ó ní “Fítámínì D ń lé àtọ̀gbẹ lọ,” kò sọ òtítọ́ bákan náà. Àwọn méjèèjì gé òtítọ́ mọ́ ìwọ̀n ẹnu wọn. Òtítọ́ tòótọ́ nínú ọ̀ràn yìí kéré, ó ní ààlà, ó sì ṣòro láti fi dá àríyá sílẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ó ran díẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn tí kò tíì ṣàìsàn. A mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í tà lọ́jà. Síbẹ̀, òun ni a jẹ aláìsàn ní gbèsè.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé ìrètí fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn. Wọn yóò ní kì í ṣe gbogbo òótọ́ ni à ń sọ, pé àgbà a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí àánú. A kò fojú kéré èsì yìí. Ènìyàn tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì kì í lo oògùn, kì í sì í jẹun bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí yóò san owó ìrètí náà. Kì í ṣe àlejò tí ó mú un wá. Àlejò yóò dìde, yóò sì lọ sílé rẹ̀. Aláìsàn ni yóò ná owó sẹ́fà tí ì bá fi ra oògùn rẹ̀. Òun ni yóò dín ínsúlínì rẹ̀ kù nítorí pé ó rò pé ìwòsàn ti dé. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlínì mọ́ rárá, ọjọ́ díẹ̀ láìsí i tó láti pa á. Àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ ni fítámínì náà kì í ṣe ohun àmupara: bí ó bá pọ̀ jù nínú ara, ó lè mú kí èròjà tí ń mú eegun le kún inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́. Àánú tí ń gba ohun tí aláìsàn kò lè rí gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àánú mọ́.

Ìtàn ínsúlínì fúnra rẹ̀ fi hàn bí ìrètí tí a wọ̀n ṣe ń rí. Kí ó tó dé, ọmọ tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ kí ó tó kú. Oúnjẹ tí kò tó nǹkan ni wọ́n fi ń fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto, ní Kánádà, wọ́n fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ náà kò dára tó. Ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ṣúgà ọmọ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí àwọn oníwádìí bá ti kéde nígbà náà pé ìwòsàn dé, kí inú àwọn òbí lè dùn, bóyá iṣẹ́ náà ì bá ti dúró síbẹ̀. Wọ́n gbà pé kò tíì dára. James Collip padà lọ sọ ọ́ di mímọ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n tún un fún ọmọ náà, ṣúgà rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó gbé ayé fún ọdún 13 sí i. Òtítọ́ nípa abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni ó ṣí ọ̀nà fún èkejì.

Àwọn mìíràn yóò ní òṣùwọ̀n òyìnbó ni èyí, pé àwọn baba wa kò fi nọ́ńbà wo ewé. A kò rò pé ìjà wà láàárín ewé àti òṣùwọ̀n. Oògùn tí wọ́n ń fún àwọn alátọ̀gbẹ jùlọ lágbàáyé lónìí ni metformin. Ọ̀dọ̀ ewé kan tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lò láti ayé àtijọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Galega officinalis*, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Dókítà ọmọ Faransé kan, Jean Sterne, ni ó kọ́kọ́ fi tọ́jú àtọ̀gbẹ, tí ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1957. Ewé náà kò pàdánù iyì rẹ̀ nítorí pé a yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò náà ni ó jẹ́ kí a mọ apá rẹ̀ tí ó wúlò àti apá tí ó ní májèlé. Oníṣègùn ilẹ̀ wa tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ẹnu lásán júwe ewé. Ó ń ṣọ́ ẹni tí ó fún, ó ń rántí ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí a kọ ìrántí náà sílẹ̀, kí a sì ka àwọn tí kò san mọ́ ọn. Fítámínì tí ó ti ilé iṣẹ́ wá àti àgúnmu tí ó ti igbó wá, ìbéèrè kan náà ni kí a bi wọ́n.

Bí a bá wá sọ òtítọ́ tán, ṣé ìrètí ti tán nìyẹn? Rárá. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002 kó ènìyàn 3,234 tí ó wà lẹ́nu ààlà àrùn jọ. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara wọn kù díẹ̀, tí wọ́n sì ń rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ dín kù lára wọn ní ìdá 58 nínú 100. Lára àwọn tí ó gba metformin, ìdá 31 ni. Ní Da Qing, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986, wọ́n ṣì ń tọpa àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn ọdún 30: àwọn tí ó yí oúnjẹ àti ìrìn wọn padà pẹ́ kí àrùn tó mú wọn, ẹ̀mí wọn sì gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìrètí tí a ti wọ̀n nìyí, ó sì ju ti fítámínì lọ fíìfíì. Ìdí tí àlejò kì í fi í mú un wá ni pé kò ṣeé kó sínú ìgò.

Ìdí mìíràn sì wà, òun ni ó wúwo jù. Ó rọrùn láti sọ fún ìyá tí ń tajà láti àárọ̀ kùtù títí di alẹ́ pé kí ó máa rìn, kí ó sì dín gàrí kù. Ta ni yóò jókòó ti ọjà rẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn? Ta ni yóò se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, nígbà tí ó jẹ́ pé gàrí ni gbogbo ilé lè rà? Nínú àwọn ìwádìí tí a dárúkọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó dín àrùn kù. Wọ́n yan ènìyàn ti àwọn aláìsàn, tí ń bẹ̀ wọ́n wò, tí ń bá wọn ṣírò oúnjẹ, tí kò sì pa wọ́n tì nígbà tí ó bá rẹ̀ wọ́n. Òtítọ́ tí kò ní ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ nínú jọ ìbáwí. Aláìsàn á gbọ́ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, á sì sá tọ ẹni tí ó ní ewé kan wà lọ, nítorí pé ẹni yẹn, ó kéré tán, kò bá a wí. Bí a bá fẹ́ kí òtítọ́ tà lọ́jà wa, a ní láti gbé e wá pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́: kí gbogbo ilé jọ jẹ oúnjẹ tí aláìsàn ń jẹ, kí ọmọ bá ìyá rìn ní ìrọ̀lẹ́, kí a dáwó fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń dáwó fún ìnáwó òkú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin ni afárá láàárín èdè méjì. Ẹ̀yin ni ẹ ń ka ìwé ní Faransé, tí ẹ sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tí ó bí yín. Níbi tí ìwé bá kọ *peut réduire le risque*, ẹ má ṣe sọ fún wọn pé “ó ń wò ó sàn”. Ẹ sọ pé “ó lè dín ewu kù”, kí ẹ sì dúró lórí “lè” yẹn, nítorí pé inú rẹ̀ ni òtítọ́ wà. Kí ẹ tó gbé ìròyìn ìwòsàn wọlé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: lára àwọn wo ni wọ́n ti dán an wò? Ènìyàn mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ràn lọ́wọ́? Kí ni aláìsàn yóò fi sílẹ̀ kí ó tó lè gbà á? Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ìròyìn náà dúró síta ná.

Ẹni tí ó bá wá kí aláìsàn kò nílò láti mú ìwòsàn wá. Ó lè jókòó tì í, kí ó bá a wo ẹsẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀, kí ó bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀ lónìí, kí ó sì sọ ohun tí ó mọ̀ fún un ní ìwọ̀n tí ó mọ̀ ọ́n. Èyí kò ju agbára ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, òun sì ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè.